Bí A Ṣe Ń Fi Páìpù àti Dúróòmù Omi Wọn Ìgbì Ìró Nílé

Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ omi rí láàárọ̀ kùtù, tí kẹ́ẹ̀gì ń kún níwájú rẹ̀, kò nílò láti bẹjú wo inú rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti fẹ́ kún. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ohùn omi á kọ́kọ́ dún gbù-gbù nísàlẹ̀, á máa gòkè, á máa tín-ín-rín, tó bá kù díẹ̀ kó dé ẹnu á ti di fììì. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo, kì í jẹ́ kí omi dànù. Ohùn yẹn ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n fi ń sáré lọ pa ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń sọ fún mi ní lẹ́sìn pé ìgbì ìró inú páìpù kò yé àwọn.

Mi ò bá wọn wí. Ní ilé ìwé tí èmi náà ti ṣe síáyẹ́ǹsì, tuning fork, irin ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń lù kó lè pe ohùn kan ṣoṣo, méjì péré ló wà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń tì í mọ́. A ò fọwọ́ kàn án títí a fi ṣe ìdánwò WAEC tán. Ara pátákó ni tíṣà ti ya ìgbì fún wa, ó rí bí ejò tó há sínú páìpù, a dà á kọ, a há a sórí. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé kò sí ejò kankan níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ báyìí. Kò gba láàbù. Ọ̀sán kan tó fún yín.

Ohun tí ẹ máa wá

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò púlọ́ḿbà. Ìgbóǹnà ni mo ti ra tèmi. Páìpù PVC oní-íńṣì méjì ni kí ẹ béèrè. Ẹ ní kí wọ́n gé 90 sẹ̀ǹtímítà fún yín, kí wọ́n tún gé 30 sẹ̀ǹtímítà lọ́tọ̀. Kí ẹ dúró tì í kí ẹnu rẹ̀ má dagun, torí pé ẹnu tó bá dagun kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ọmọkùnrin tó gé tèmi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ti omi ni àbí ti wáyà?" Mo ní ti ohùn ni. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Owó yín ti pé."

Lẹ́yìn náà, dúróòmù omi tó jìn tó 80 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí omi kún inú rẹ̀ dáadáa. Èmi ò ní. Màmá kan wà ní kọ́ńpáùǹdì wa tó ní dúróòmù búlúù ńlá kan, mo sì lọ bá wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi dúróòmù yín ṣe nǹkan díẹ̀ fún àwọn ọmọ."

"Kí lo fẹ́ dà sínú omi mi?"

"Kò sí o, mà. Páìpù lásán ni."

"Ṣé páìpù ọ̀hún mọ́?"

Nítorí náà, kí ẹ fi ọṣẹ fọ páìpù yín tinú-tẹ̀yìn kí ẹ tó lọ yá dúróòmù ẹni ẹlẹ́ni.

Ó ku fóònù méjì, yápíìsì kan tó ní máìkì lára, mákà, àti téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Lórí fóònù kan, ẹ wá áàpù tó lè pe ohùn kan ṣoṣo láìdánudúró; ẹ tẹ "tone generator" síbi tí ẹ ti máa ń wá áàpù, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lórí ìkejì, kí ẹ wá èyí tó ń fi bí ariwo ṣe pọ̀ tó hàn.

Ẹ fi mákà fa ilà sára páìpù gígùn yẹn ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan láti ẹnu rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kí ẹnu gan-an jẹ́ òdo. Iṣẹ́ yìí máa ń sú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Omi inú páìpù àti omi tó yí i ká nínú dúróòmù máa ń wà ní ọgbọọgba tí ẹ bá fà á jẹ́jẹ́, torí náà ibi tí omi bá ti kan ilà lẹ́yìn páìpù ni ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ò ní láti yọjú wo inú.

Ẹ jẹ́ kí páìpù dáhùn

Ẹ pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ tan ohùn 512 Hz lórí fóònù, ìyẹn ohùn tó ń mì ní ìgbà 512 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ẹnì kan ti páìpù bọ omi títí ó fi máa ku nǹkan bíi 10 sẹ̀ǹtímítà lókè omi. Kí ẹnì kejì di fóònù mú sókè ẹnu páìpù, kí ihò tí ohùn ń gbà jáde lára fóònù dojú kọ ihò páìpù, kí àyè tó fẹ̀ tó ìka méjì sì wà láàárín wọn. Bí fóònù bá bo ẹnu páìpù, gbogbo ìṣirò yín máa yí.

Wàyí o, kí ẹni tó di páìpù mú máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀, kò ní sí nǹkan kan. Ohùn fóònù á kàn máa ké lọ bí ẹ̀fọn. Lójijì, ohùn náà á wú. Ẹ ò fọwọ́ kan fóònù, ẹ ò sì fi kún ohùn rẹ̀, àmọ́ ṣe ló máa dà bí ìgbà tí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn yàrá tí rédíò ti ń kọrin. Bí páìpù bá tún gòkè díẹ̀, ohùn á tún rọ. Ẹ fà á sókè-sódò lórí ibẹ̀ bí ìgbà mẹ́ta títí ẹ ó fi rí ibi tó ti wú jù, kí ẹ wá kọ iye tó wà lójú omi sílẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ tún máa fà á lọ, ìkejì á wá, ìkẹta náà á wá nígbà tí páìpù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán.

Èyí tí a rí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú nìyí: 15.5, 49.5 àti 83.5 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ fi okùn so fóònù mọ́ ọrùn ọwọ́ yín. Tèmi bọ́ sínú dúróòmù bí a ṣe ń wá ìdáhùn kẹta, ó sì ń ké lọ nísàlẹ̀ omi títí a fi yọ ọ́. Màmá gbọ́ ariwo, wọ́n jáde, wọ́n ní, "Páìpù lásán lo pè é."

Ìṣirò, àti àṣìṣe tí mo ṣe

Ẹ yọ ìdáhùn kìn-ín-ní kúrò nínú ìkejì: 34. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkẹta: 34. Iye kan náà ni, kì í sì í ṣe èèṣì. Ìdajì gígùn ìgbì ni, ìyẹn ibi tí ìró ń rìn dé láàárín ìmì kan. Gígùn ìgbì náà lódindi jẹ́ 68 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn 0.68 mítà. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 512, ẹ ó rí nǹkan bíi 348. Ìró ń sáré 348 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sán Òṣogbo, dúróòmù aláwọ̀ búlúù ló sì sọ fún wa.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìwọ̀n òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìró ń sáré nǹkan bíi 331 mítà. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi lọ sókè, 0.6 mítà ló ń fi kún eré rẹ̀. Bí ọ̀sán bá gbóná dé 30, ó yẹ kó jẹ́ 349. Mítà kan péré la fi jìnnà sí i.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo lò. Omi inú rẹ̀ kò jìn ju 25 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú páìpù kò lè kúrú ju 65 lọ. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ní nǹkan bíi 84. Mo gbà pé òun ni àkọ́kọ́, mo ní kí àwọn ọmọ fi mẹ́rin ṣe ìlọ́po rẹ̀ bí ìwé ṣe wí, kí wọ́n sì fi 512 ṣe ìlọ́po ìyẹn. Wọ́n mú 1,720 mítà wá. Inú omi gan-an, níbi tí ìró ti ń sáré ju ti afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, kò ju nǹkan bíi 1,500 lọ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ló bi mí pé, "Ọ̀gá, ta ló sọ pé àkọ́kọ́ lèyí?" Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ìdáhùn kẹta ni.

Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ bá ní, ẹ gé páìpù kúrú sí bíi 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì gbé ohùn fóònù lọ sí 1000 Hz. Ìdáhùn máa wà ní nǹkan bíi 7 àti 25. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n ohùn yẹn máa ń ro etí.

Kí ló dúró gan-an?

Orúkọ tí wọ́n fún un, ìgbì tó dúró sójú kan, máa ń tan èèyàn. Ìró kì í dúró. Àwọn méjì tó ń lọ tó ń bọ̀ ló pàdé, tí wọ́n wá jọ bí ohun tó dúró.

Afẹ́fẹ́ inú páìpù kì í rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kàn ń sún síwá, ó ń sún sẹ́yìn ni, ní ibi tó wà. Ohun tó ń rìn ni ìfúnpọ̀: fóònù á ti afẹ́fẹ́ ẹnu páìpù, ìyẹn á ti èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí yóò fi kan omi. Omi kò ní sún fún un. Ìfúnpọ̀ náà á fò padà sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe wá, ìfúnpọ̀ ni yóò ṣì jẹ́.

Ẹnu páìpù ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tó ṣí, gbogbo ìró ló máa bá ibẹ̀ jáde lọ. Díẹ̀ ló ń jáde, ìyẹn lẹ fi ń gbọ́ ọ. Púpọ̀ rẹ̀ ń padà! Ìfúnpọ̀ tó dé ẹnu á bá gbangba pàdé, á tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, ìtúká náà á sì fa afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó máa padà lọ sísàlẹ̀ kì í ṣe ìfúnpọ̀ mọ́, ìtúká ni.

Ẹ wá kà á bí ẹni ń ka ìrìnàjò. Ìfúnpọ̀ sọ̀kalẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan. Ó gòkè padà: ẹ̀ẹ̀mejì. Ó di ìtúká ní ẹnu, ó sọ̀kalẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó gòkè: ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ẹnu, ó tún di ìfúnpọ̀. Bí fóònù bá ti òmíràn wọlé ní àkókò yẹn gẹ́lẹ́, èyí tó ń bọ̀ àti èyí tó ti wà nílẹ̀ á gùn ara wọn, wọ́n á sì máa lágbára sí i. Ohun tó ń jẹ́ kó wú nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́rin gígùn páìpù ló bá gígùn ìgbì kan dọ́gba, ibẹ̀ ni mẹ́rin tí ìwé ń sọ ti wá.

Ẹ padà sí àwọn iye wa. Ìdá mẹ́rin 68 jẹ́ 17, ṣùgbọ́n 15.5 la wọ̀n. Sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ sọnù. Kò sọnù o; òkè ẹnu páìpù ló wà. Afẹ́fẹ́ tó ń mì kò mọ̀ pé rọ́bà ti parí síbẹ̀, ó ń mì jáde díẹ̀ kó tó tú ká. Iye tó fi ń jáde súnmọ́ 0.6 ìdajì fífẹ̀ ihò náà. Ihò páìpù mi fẹ̀ tó 4.8 sẹ̀ǹtímítà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2.4, 0.6 rẹ̀ sì jẹ́ 1.4. Tí ẹ bá fi 1.5 kún ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó ní 17, 51 àti 85. 17 lọ́nà ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún. Kò sí méjì, kò sí mẹ́rin. Ní ibi 34, ìyẹn 32.5 lára ilà páìpù, ìtúká tó ń padà bọ̀ á pàdé ìfúnpọ̀ tuntun, ọ̀kan á pa èkejì, páìpù á dákẹ́. Ẹ fà á lọ síbẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìdákẹ́ náà fúnra yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju wíwú lọ.

Ẹ sọ máìkì sínú rẹ̀

Ẹ dá páìpù dúró sí ìdáhùn kejì, ní 49.5, kí ẹ so ó mọ́ igi kan kó má baà yẹ̀. Ẹ ki yápíìsì bọ fóònù kejì tó ní áàpù ariwo, kí ẹ wá sọ máìkì rẹ̀ kalẹ̀ sínú páìpù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ ìkéèrègbè sí kànga. Ẹ ṣọ́ ọ kó má kan omi.

Ẹ ó rí i pé ariwo á pọ̀ ní nǹkan bíi 15 sí 16 sẹ̀ǹtímítà, á lọ sílẹ̀ gan-an ní nǹkan bíi 32 sí 33, á tún pọ̀ nígbà tó bá súnmọ́ omi. Ibi tó pọ̀ àti ibi tó kéré kò kúrò lójú kan. Bí oríkèé ọparun ló rí: wọ́n jìnnà síra wọn bákan náà, ẹ sì lè fọwọ́ tọ́ka sí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Lójú omi, afẹ́fẹ́ kò lè sún rárá, omi ti dí i lọ́nà. Báwo ni ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti mì ṣe wá jẹ́ ibi tí máìkì ti gbọ́ jù?

Ẹni tó bá ti lọ sí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́sì, tó sì há sẹ́nu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, máa mọ ìdáhùn. Àwọn tó ń wọlé ń tì í láti ẹ̀yìn, àwọn tó ń jáde ń tì í láti iwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, síbẹ̀ òun gan-an ni wọ́n ń fún pọ̀ jù. Ẹni tó wà létí, tó ní àyè láti sún síwá sẹ́yìn, kò mọ ìyà kankan. Máìkì àti etí wa, ìfúnpọ̀ ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sún. Ejò tí tíṣà wa yà sára pátákó, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sún ló ń fi hàn, kò sì sọ fún wa. Ibi tí ejò náà ti sanra jù ni máìkì kì í ti gbọ́ nǹkan.

Páìpù tó ṣí lójú méjèèjì

Ẹ mú ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà tó ṣẹ́kù. Ẹ fi sílípáàsì rọ́bà lu ẹnu rẹ̀ kan, kí ẹ fi sílípáàsì náà sílẹ̀ síbẹ̀ kó bo ẹnu. Ẹ tún lù ú, kí ẹ wá gbé e kúrò kíá. Ohùn kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Nínú páìpù tó dí lójú kan, ìrìnàjò mẹ́rin ni kí ìfúnpọ̀ tó padà di ara rẹ̀; tó bá ṣí lójú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yí padà, nítorí náà ìrìnàjò méjì ti tó. Ìṣirò tèmi fún 30 sẹ̀ǹtímítà yẹn súnmọ́ 278 Hz nígbà tó dí, àti 531 nígbà tó ṣí. Kò pé ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́ nítorí pé ẹnu méjì ni ìmì ti ń yọjú síta báyìí, dípò ẹyọ kan. Páìpù tó ṣí lójú méjèèjì kì í sì í fo méjì àti mẹ́rin. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, gbogbo wọn ló ń dáhùn.

Àwọn afunfèrè ti ń lo èyí tipẹ́. Ihò tí wọ́n bá ṣí lára ọparun ń gé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrú láìlo ayùn. Kàkàkí tí wọ́n ń fun lááfin kò ní ihò kankan lára, gígùn rẹ̀ kò sì yí padà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohùn mélòó kan péré ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń fun ún lágbára tó.

Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Àwọn ọmọ máa mú fídíò wá tí wọ́n ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí páìpù irin, tí wọ́n fi gáàsì sí i, tí iná ń jó sókè-sódò tẹ̀ lé orin. Heinrich Rubens, ará Jámánì, ló gbé e jáde ní 1905, ó sì lẹ́wà lójú. Ẹ má ṣe é pẹ̀lú gáàsì ìdáná. Ẹ má sì fi gílóòbù gígùn tó ti kú ṣe páìpù nítorí pé ẹ fẹ́ rí inú rẹ̀. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ọ̀nà tí ará Jámánì mìíràn, August Kundt, gbà ní 1866 ló sàn: ẹ ra ọ̀rá líle tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bo ìwé ní ibi fótókópì, ẹ ká mẹ́ta sípò páìpù, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ dí ojú kan, ẹ gbé sípíkà tó lágbára ti ojú kejì, kí ẹ sì da hóró fóòmù funfun wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ó gba sùúrù. Ẹ máa yí ohùn díẹ̀díẹ̀ títí àwọn hóró náà á fi máa fò níbì kan tí wọ́n á sì máa gún jọ níbòmíràn.

Èmi ń dúró de ọyẹ́ báyìí. Bí àárọ̀ kan bá tutù dé 20, ó yẹ kí eré ìró lọ sílẹ̀ sí 343, kí ìdáhùn kìn-ín-ní àti ìkẹta sì fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ súnmọ́ra ju tọ̀sán lọ. Téèpù télọ̀ lè rí ìyẹn. Páìpù wà nílẹ̀, àwọn ọmọ sì ti ṣe tán. Màmá ní kí n lọ ra dúróòmù tèmi.